Bó bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Bẹ́ ẹ ṣe lè dín káàdì kọ́ńtà tó ń kú síni lọ́wọ́ kù nínú dẹ́ẹ̀kì yín

Ọwọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé. Yu-Gi-Oh! là ń ta, ìyẹn géèmù káàdì tí olúkúlùkù ti ń mú dẹ́ẹ̀kì wá, àkójọ káàdì tó ṣà fúnra ẹ̀, ìdíje kékeré kan ni, géèmù àkọ́kọ́, ẹni iwájú mi ló máa kọ́kọ́ ṣeré, èmi náà fa káàdì márùn-ún mi mo ṣí wọn wò: Nibiru, Droll & Lock Bird, Cosmic Cyclone, àti méjì nínú àwọn tó yẹ kó ṣiṣẹ́ fún mi, àmọ́ àwọn méjèèjì ò lè mira àfi tí wọ́n bá rí ẹnì kẹta. Ó pe mọ́ńsítà méjì péré sórí tábìlì, kò wá káàdì kankan látinú dẹ́ẹ̀kì ẹ̀, kò dojú káàdì kankan dé, ó ní òun ti ṣe tán. Nibiru ń dúró de kó pe márùn-ún. Droll ń dúró de kó mú káàdì látinú dẹ́ẹ̀kì wá sọ́wọ́. Cosmic Cyclone ń wá spell (káàdì idán) tàbí trap (káàdì pańpẹ́) tó máa lé dànù, kò rí ìkankan. Mo wá jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó gbé agbòjò dání nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Kó tó kàn mí lẹ́ẹ̀kẹta mo ti kú.

Mo délé mo kà á, káàdì kọ́ńtà (èyí tá a fi ń dá eré ẹni kejì dúró) méjìlá ló wà nínú 40 tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa dúró de nǹkan kan pàtó lọ. Gbogbo wọn ló ní ìtàn o, ẹnì kan ti fi trap nà mí lọ́sẹ̀ yìí, mo ki mẹ́ta wọlé, ẹlòmíì wá mọ́ńsítà jáde bí ẹni tó ń tú àpò, mo tún ki mẹ́ta wọlé, bó ṣe ń lọ nìyẹn títí dẹ́ẹ̀kì mi fi di àkójọ ìbẹ̀rù. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ látìgbà náà: káàdì bó-bá-ṣẹlẹ̀. "Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó lo graveyard ńkọ́?" "Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó gbé artifact kalẹ̀ ńkọ́?" (Graveyard ni òkìtì káàdì tá a ti lò tán, artifact sì ni káàdì ohun èlò ní Magic.) Ohun tá a máa ń gbàgbé ni pé ìjókòó kọ̀ọ̀kan tí bó-bá-ṣẹlẹ̀ bá gbà, káàdì kan tó ń ṣe iṣẹ́ dẹ́ẹ̀kì wa gangan ló dìde fún un.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí, bóyá Yu-Gi-Oh! lẹ ń ta ni o, Magic: The Gathering ni o, Pokémon ni o.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tú dẹ́ẹ̀kì yín sórí tábìlì

Ẹ má fi ojú inú kà á o, ẹ tú u sílẹ̀ gan-an ni. Kẹ́ ẹ tó pín in, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sínú ìwé nípa bí dẹ́ẹ̀kì yín ṣe ń borí. "Màá fi mọ́ńsítà kéékèèké sáré lù ú kó tó mí kanlẹ̀." "Màá máa dá gbogbo nǹkan tó bá fẹ́ ṣe dúró títí màá fi rí káàdì ńlá mi." Tí gbólóhùn yẹn ò bá jáde láàárín ìṣẹ́jú kan, á jẹ́ pé wàhálà dẹ́ẹ̀kì yín ju ti kọ́ńtà lọ, ẹ kọ́kọ́ lọ yanjú ìyẹn.

Ó yá, ẹ pín káàdì sí òkìtì mẹ́rin. Òkìtì kìíní ni àwọn tó ń ṣe ohun tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé yẹn fúnra wọn. Ìkejì ni àwọn tó ń bá yín wá wọn rí tàbí tó ń sanwó fún wọn: káàdì ìwákáàdì, land ti Magic, energy ti Pokémon. Ìkẹta ni ìdáhùn gbogboogbò, ìyẹn kọ́ńtà tó máa rí iṣẹ́ ṣe níwájú ẹnikẹ́ni. Ìkẹrin ni bó-bá-ṣẹlẹ̀.

Àárín ìkẹta àti ìkẹrin ni ìjà wà, torí ojú ìfẹ́ la fi máa ń wo káàdì wa. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé: ká ní mi ò mọ ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó síwájú mi, tí mo sì rí káàdì yìí lọ́wọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣé inú mi á dùn? Ní Magic, ẹ mú Counterspell, tó ń dá spell ẹni kejì dúró, bẹ́ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tí kì í ju spell, inú mi á dùn. Tormod's Crypt, tó jẹ́ pé graveyard ẹni kejì nìkan ló ń palẹ̀ mọ́, ó dọwọ́ ẹni tó jókòó. Naturalize, tó ń fọ́ artifact tàbí enchantment (káàdì idán tó ń dúró sórí tábìlì), ó dọwọ́ ẹni tó jókòó. Ní Yu-Gi-Oh!, Ash Blossom wà ní òkìtì kẹta torí ó ṣòro kẹ́ ẹ rí dẹ́ẹ̀kì òde òní tí kò ní tọwọ́ bọ inú dẹ́ẹ̀kì ẹ̀ láti mú nǹkan, ṣùgbọ́n Cosmic Cyclone wà ní ìkẹrin. Èyí tẹ́ ẹ bá ń ronú lé lórí ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, ẹ jù ú sí ìkẹrin, ẹ̀rí ọkàn yín ti dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìṣirò tí ń báni lójú jẹ́

Ibí lẹ ti máa bá mi jókòó díẹ̀, torí ẹnu nìkan ò lè yí ẹlẹ́rù padà, àfi nọ́ńbà.

Ẹ jẹ́ ká ní dẹ́ẹ̀kì 40, ọwọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ káàdì 5, ẹ ki ẹ̀dà 3 nínú kọ́ńtà kan tó jẹ́ pé dẹ́ẹ̀kì kan nínú márùn-ún ló ń bá wí. Nínú ọgọ́rùn-ún géèmù, ẹ máa rí ó kéré tán ẹ̀dà kan lọ́wọ́ àkọ́kọ́ ní bíi ìgbà 34. Nínú 34 yẹn, bíi ìgbà 7 ló máa bá ẹni tó yẹ kó bá. Ìgbà 27 tó kù, òkú ló wà lọ́wọ́ yín. Méje sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Méje yẹn gan-an, ta ló sọ pé ẹ máa borí nínú gbogbo ẹ̀? Ẹ máa borí nínú díẹ̀, òmíì wà tẹ́ ẹ bá máa borí tẹ́lẹ̀ láìní káàdì yẹn, òmíì sì wà tó jẹ́ pé ẹni kejì ti ní ìdáhùn sí ìdáhùn yín. Àmọ́ nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yẹn, káàdì mẹ́rin lẹ fi ń bá ẹni tó ní márùn-ún jà.

Ìyẹn ọ̀kan o. Èyí tó burú jù ni tí wọ́n bá ń gun orí ara wọn. Òkú kan lọ́wọ́, èèyàn ṣì lè yí i, òkú méjì nínú márùn-ún, ó ti di ìsìnkú. Ẹ wo bí ìgbà tẹ́ ẹ máa rí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ àkọ́kọ́ ṣe ń lọ sókè: tí bó-bá-ṣẹlẹ̀ bá jẹ́ 3 nínú 40, bíi ìgbà 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá jẹ́ 6, ìgbà 15. Tó bá jẹ́ 9, ìgbà 31. Tó bá jẹ́ 12, bíi tèmi ọjọ́ yẹn, ìgbà 48, tí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì jẹ́ ìgbà 15. Ṣẹ́ ẹ rí i? Láti 3 sí 6, ẹ̀ ń rò pé ẹ fi ìlọ́po méjì kún un, àmọ́ ọwọ́ burúkú ti lé ní ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà orí burúkú kọ́ ló ṣe mí lọ́jọ́ yẹn tí mo ń pariwo ẹ̀ kiri, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà méje ni irú ọwọ́ yẹn yẹ kó wá, èmi fúnra mi ni mo pè é.

Ẹ̀yin ará Magic, dẹ́ẹ̀kì 60 àti ọwọ́ 7 ni tiyín, kọ́ńtà 8 tó jẹ́ bó-bá-ṣẹlẹ̀ á fún yín ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní bíi ìgbà 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Mulligan wà lóòótọ́, ìyẹn kẹ́ ẹ dá ọwọ́ burúkú padà kẹ́ ẹ fa òmíì, àmọ́ káàdì kan lẹ fi ń sanwó ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ti dẹ́ẹ̀kì yín gan-an, ẹ wá hypergeometric calculator lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ pọ̀, nọ́ńbà mẹ́rin péré ló ń béèrè: iye dẹ́ẹ̀kì, iye ẹ̀dà, iye tẹ́ ẹ máa fà, iye tẹ́ ẹ fẹ́ rí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ta lẹ̀ ń bá ta gan-an?

Ẹ kọ ogún ẹni tẹ́ ẹ bá ta gbẹ̀yìn sílẹ̀. Kì í ṣe àwọn tẹ́ ẹ rántí o, torí ẹni tó nà wá ni orí wa ń rántí, ẹni tá a nà ti di ìgbàgbé. Ẹ wo inú àkọsílẹ̀ ápù tẹ́ ẹ bá ń ta lórí fóònù, tàbí kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti òní. Lẹ́yìn náà ẹ mú káàdì òkìtì kẹrin lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí iṣẹ́ máa wà fún un.

Tèmi ni pé, tí kò bá tó méje nínú ogún, kó máa lọ. Kì í ṣe òfin ẹnikẹ́ni, èmi ni mo fà á lélẹ̀ fún ara mi, torí mo mọ̀ pé tí mi ò bá fa ìlà, àánú káàdì á ṣe mí. Èyí tó bá tó méje, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì sí i. Kìíní, ṣé dẹ́ẹ̀kì tó ń bá wí ń nà wá ni, àbí a ti ń borí ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Mo ti rí ẹni tó ki mẹ́rin wọlé nítorí dẹ́ẹ̀kì tó ń nà lójoojúmọ́, ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ìkejì, tó bá ṣiṣẹ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ṣé eré á yí padà, àbí ẹni kejì á kàn dúró díẹ̀ kó tó máa bá tiẹ̀ lọ? Nibiru tó bá délẹ̀ lákòókò máa ń gbá gbogbo mọ́ńsítà tójú wọn wà lókè kúrò lórí tábìlì. Mystical Space Typhoon fọ́ káàdì kan, òun náà lọ, ẹ padà sí ọ̀kan-sí-ọ̀kan.

Ìgbà kan máa ń wà tí ìlà yìí á ní kẹ́ ẹ ki wọ́n wọlé, mi ò ní parọ́. Ní Magic lọ́dún 2004 títí wọ 2005, Affinity, irú dẹ́ẹ̀kì kan tó kún fún artifact, gba Standard (ọ̀kan nínú irú ìdíje Magic) kan débi pé àwọn èèyàn ń gbé ohun tó ń fọ́ artifact sínú main deck (dẹ́ẹ̀kì gangan tá a fi ń bẹ̀rẹ̀) láìbojúwẹ̀yìn, títí wọ́n fi fòfin de àwọn artifact land àti Arcbound Ravager ní oṣù kẹta 2005. Lọ́dún 2019 bákan náà ni Hogaak, káàdì kan tó ń ti graveyard jáde, ṣe Modern, irú ìdíje Magic mìíì, Leyline of the Void, tó ń dí graveyard, tó yẹ kó jókòó sí sideboard (káàdì tá a yà sọ́tọ̀ láti fi ṣe pààrọ̀ lẹ́yìn géèmù àkọ́kọ́) wá di ará main deck lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kí wọ́n tó lé Hogaak lọ ní oṣù kẹjọ. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, bó-bá-ṣẹlẹ̀ kọ́ mọ́, ó ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìwé lẹ máa ti mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọwọ́ àyà tó ń já.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá káàdì tó ń ṣiṣẹ́ méjì

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹ ò ní fi gbogbo ààbò yín sílẹ̀. Ẹ wo Naturalize àti Reclamation Sage lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Naturalize, mana méjì (mana ni owó tá a fi ń lo káàdì), ó fọ́ artifact tàbí enchantment kan, tí kò bá sí, ìwé lásán ló wà lọ́wọ́ yín. Reclamation Sage, mana mẹ́ta, tó bá wọlé ó lè fọ́ artifact tàbí enchantment kan, tí kò bá sí, creature (mọ́ńsítà ti Magic) 2/1, agbára 2, ẹ̀mí 1, ṣì wà lórí tábìlì tó lè kọlu èèyàn. Ẹ fi mana kan kún un, ẹ sì pàdánù àǹfààní láti ṣe é nígbà tí ó kan ẹni kejì, àmọ́ kò ní kú sí yín lọ́wọ́ láé. Hearthstone, géèmù káàdì orí fóònù àti kọ̀ǹpútà, náà ní irú ẹ̀, Acidic Swamp Ooze, mana méjì, 3/2, ó ń fọ́ ohun ìjà ẹni kejì, tí kò bá sí ohun ìjà, 3/2 ni fún mana méjì, ta ló ń bínú?

Irú kejì ni èyí tó ń béèrè pé èwo lẹ fẹ́. Abrade ní Magic: ẹ lè fi lu creature kan ní damage 3, tàbí kẹ́ ẹ fi fọ́ artifact. Ẹni tí kò ní artifact, á ní creature. Irú kẹta ni èyí tó ń fi káàdì mìíì rọ́pò ara ẹ̀. Relic of Progenitus ń ṣe ohun tó jọ iṣẹ́ Tormod's Crypt, àmọ́ tẹ́ ẹ bá lò ó tán ẹ máa fa káàdì kan, nítorí náà bí ẹni kejì ò bá tiẹ̀ ní graveyard kankan lọ́kàn, mana díẹ̀ lẹ pàdánù, káàdì yín pé. Cycling ń ṣe nǹkan kan náà, ẹ sanwó ẹ jù ú nù ẹ fa òmíì.

Irú kẹrin ni àwọn èèyàn kì í rò: dẹ́ẹ̀kì yín fúnra ẹ̀ lè máa jẹ òkú. Ní Pokémon, Ultra Ball ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ da káàdì méjì nù kẹ́ ẹ tó wá Pokémon. Nínú dẹ́ẹ̀kì tó ní Ultra Ball mẹ́rin, kọ́ńtà tí kò níṣẹ́ lónìí ti di owó tẹ́ ẹ fi sanwó, nítorí náà irú dẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀kan sí i ju èyí tí kò ní ibi tó ń da nǹkan nù sí.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó jọ ti gbogboogbò tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ṣá. Counter Catcher ní Pokémon máa ń fa ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ látorí bench ẹni kejì (ibi tí Pokémon tí kò tíì jà ń jókòó) síwájú, ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ ẹ ò lè lò ó àfi tí prize (káàdì tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ níbẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń mú bẹ́ ẹ bá ti ń pa Pokémon ẹni kejì) tó kù fún yín bá pọ̀ ju tiẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé ẹ̀ ń pàdánù lọ́wọ́. Dẹ́ẹ̀kì tó máa ń lọ síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ ò mọ ohun tó máa fi ṣe, dẹ́ẹ̀kì tó máa ń lọ́ra kó tó gbéra, wúrà ni fún un.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: side deck ni ilé wọn

Magic gbà yín láàyè sideboard 15, Yu-Gi-Oh! náà side deck 15. Ibẹ̀ ni bó-bá-ṣẹlẹ̀ ń gbé, torí tó bá di géèmù kejì ẹ ti rí ohun tí ẹni kejì gbé wá, ìbéèrè ti ní ìdáhùn.

Àmọ́ àṣìṣe ń bẹ níbẹ̀ náà. Èèyàn á ṣí side, á rí káàdì mẹ́sàn-án tó dára fún ẹni yìí, á kó gbogbo ẹ̀ wọlé, á wá máa wá ohun tó máa yọ, á yọ èyí, á yọ tọ̀hún, géèmù kejì dé, gbogbo ọwọ́ ẹ̀ ló ń dá ẹni kejì dúró, kò sí ìkankan tó ń pa á. Ẹni kejì á kàn rọra dúró dè é ni. Torí náà ohun tó máa jáde lẹ máa kọ́kọ́ kà, nílé, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Fún dẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ lè bá pàdé, ẹ kọ ọ́: mẹ́rin yìí ń jáde, nítorí náà mẹ́rin ló lè wọlé. Tẹ́ ẹ bá ti ń yọ káàdì òkìtì kìíní kẹ́ ẹ lè rí àyè, ẹ dúró.

Tí side ò bá sí ńkọ́

Pokémon ò ní side, Hearthstone ò ní, tẹ́ ẹ bá sì ń ta géèmù ẹyọ kan lórí ápù, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin náà ò ní lò ó. Níbẹ̀, ẹyọ kan tàbí méjì ti tó, kó sì jẹ́ èyí tí dẹ́ẹ̀kì yín lè wá rí fúnra ẹ̀. Ẹyọ kan tẹ́ ẹ lè wá rí sàn ju mẹ́ta tẹ́ ẹ̀ ń gbàdúrà kó má wá. Ti Pokémon ní ìyà kan lórí, ẹ̀dà ẹyọ kan ṣoṣo nínú 60 lè bọ́ sínú prize 6 ní ìgbà 10 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹ má fi gbogbo ìgbàlà yín lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ ta ogún géèmù. Nígbàkigbà tí káàdì òkìtì kẹrin bá dé ọwọ́ yín, ẹ kọ lẹ́tà kan: W tó bá wúlò, K tó bá kú, R tẹ́ ẹ bá rò ó pé káàdì òkìtì kìíní ì bá sàn ju ìyẹn lọ kódà pẹ̀lú bó ṣe wúlò. R ni mo ní kẹ́ ẹ máa wò dáadáa, torí K máa ń dunni lójú ẹsẹ̀ kò sẹ́ni tí kò rí i, R ni olè tí ń jalè lójú oorun. Cosmic Cyclone tèmi ní W mẹ́ta, K mẹ́jọ, R méjì, mo wò ó, mo tẹ́wọ́ gbà pé ìfẹ́ ni mò ń bá a ṣe.

Báyìí, méjìlá yẹn ti di mẹ́ta nínú main deck, Nibiru nìkan. Cosmic Cyclone wà nínú side, Droll náà wà nínú side. Ẹni tó ń fi trap dí ọ̀nà mọ́ mi ṣì ń nà mí ní géèmù àkọ́kọ́, ó nà mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pàápàá, mo dì í mọ́nú, mo ṣí side mi, mo ní kó jẹ́ ká ta ìkejì.